Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀dọ́ Mọ Iye Tí Ọmọ Títọ́ Ń Ná Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ nìkan ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ di òbí pé kí ó kọ́kọ́ wo ilé tí ọmọ ń bọ̀ wá bá: ṣé òrùlé wà lórí rẹ̀, ṣé oúnjẹ wà nínú àká, ṣé ẹni tí yóò gbé ọmọ náà pọ̀n ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń bọ́? Ìgbà tí ọmọ ti dé, tí obì, oyin àti ataare ti wà nínú àwo, ni àwọn àgbà sábà máa ń rántí òwe náà. Ọmọ ọdún 15 tàbí 16, tí ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe láǹfààní jù lọ, kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pa á. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé òun gan-an ni ìyá ìkókó.

Okaka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àgbẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ń gbé ilé ró níbẹ̀. Ọmọdé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ìṣirò. Kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ń ka ebè ní igba-igba. Ó mọ iye tí alágbàṣe yóò gbà. Ó mọ̀ pé àgbẹ̀ tó bá jẹ ẹ̀bù rẹ̀ tán nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò gbìn nígbà tí òjò bá dé. Kò sí olùkọ́ tó fi èyí kọ́ ọ nínú ìwé. Baba àti ìyá rẹ̀ ni ó fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀, ọmọ yìí kan náà lè parí ẹ̀kọ́ girama láìsí ẹni tó jókòó tì í kí wọ́n jọ ṣírò ohun tí ọmọ kan ṣoṣo yóò ná an láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò pé ọdún 18. Ìṣirò tó tóbi jù lọ láyé rẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ fún un.

Ohun méjì ni wọ́n ń sọ fún un dípò rẹ̀. Kí oyún tó dé, wọ́n á ní, "Má ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni." Lẹ́yìn tí oyún bá dé, wọ́n á ní kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ó máa lọ sí ilé ẹni tó fún un lóyún. Láàárín gbólóhùn kìíní àti gbólóhùn kejì, kò sí ẹni tó dárúkọ owó. Ilé tí wọ́n ń lé ọmọbìnrin náà lọ kì í sì í ṣe ilé ọmọkùnrin tó fún un lóyún. Ilé bàbá ọmọkùnrin ni. Ọmọkùnrin náà ṣì ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Báyìí ni ẹnu kan tí ó ń jẹun nínú ìkòkò yóò ṣe di mẹ́ta, tí ìkòkò náà kò sì tóbi sí i. Ìyá àgbà tí ó yẹ kí ó máa sinmi ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọmọ.

Ìwádìí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, fi hàn pé ìdá 19 nínú 100 àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 19 ni wọ́n ti bímọ tàbí tí wọ́n wà nínú oyún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Òótọ́ ni pé ti apá Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù kéré gan-an sí ti Àríwá, àwọn kan a sì máa fi èyí tu ara wọn nínú. Ṣùgbọ́n iye tó kéré lórí ìwé kò sọ ẹrù ẹni tí ó wà nínú iye náà di fífúyẹ́. Ọmọbìnrin kan tó kúrò ní kíláàsì ní Okaka nítorí oyún kò lè fi ìwé ìwádìí ra ọṣẹ.

Kí a gbé ìṣirò náà kalẹ̀, kí ó má baà dà bí ìwàásù. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 80,000 náírà láti oṣù kìíní ọdún 2025. Ìkókó a máa lo ìlédìí tó mẹ́fà lóòjọ́, ó kéré tán. Mẹ́fà lọ́nà 30 jẹ́ 180 lóṣù kan. Bí a bá fi ẹyọ kan sí 150 náírà, ìlédìí àlòsọnù tí aráàlú ń pè ní pámpáàsì yóò gba 27,000 náírà lóṣù. Èyí nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ, ọmọ kò sì tíì jẹun. Bí ọmú ìyá kò bá sí nítòsí, agolo wàrà ìkókó tó wọn 400 gíráàmù yóò di nǹkan bí lítà mẹ́ta nígbà tí a bá pò ó pọ̀ mọ́ omi. Ọmọ oṣù mẹ́ta lè mu tó 800 mìlílítà lójúmọ́. Agolo kan kò ní pé ọjọ́ mẹ́rin. Agolo mẹ́jọ ni oṣù kan. Bí a bá fi agolo kọ̀ọ̀kan sí 5,000 náírà, 40,000 ti lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67,000. Ó ku 13,000 náírà fún ọṣẹ, aṣọ, oògùn ibà, owó ọkọ̀, àti oúnjẹ àwọn òbí méjèèjì. Ẹni tí àpẹẹrẹ iye owó wọ̀nyí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ béèrè lọ́jà, kí ó sì fi ti ọjà rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn: kí àwọn ọ̀dọ́ lọ béèrè.

Ẹnìkan á sọ pé aṣọ àgbélò wà, omi ọmú sì wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Aṣọ àgbélò dára, ṣùgbọ́n ó nílò omi púpọ̀, ọṣẹ, àti ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ní ti omi ọmú, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé òun nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sì dára fún ọmọ ju agolo èyíkéyìí lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní láti jẹun dáadáa, ó sì ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tọ̀sán-tòru. Ọmọ kíláàsì SS 2 kò lè wà níbi méjì. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀fẹ́, ọdún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin náà ni wọ́n fi ń san án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a óò gbé ọmọ lọ pọ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́sàn-án, oṣù 15. Ìgbà méje ni ẹni tó ń gbé ní oko yóò san owó ọkadà lọ, tí yóò tún san án bọ̀.

Ó tún ku ọmọkùnrin, ẹni tí àwọn oníwàásù kì í fẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìkìlọ̀ nípa oyún ni wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé ọmọbìnrin lórí, bí ẹni pé òun nìkan ló fún ara rẹ̀ lóyún. Ọmọkùnrin tó sọ pé òun yóò fi ọkadà tọ́ ọmọ náà ní láti jókòó ṣírò. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ 3,000 náírà lóòjọ́ lẹ́yìn epo, tí ó sì ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 78,000 náírà ni. Kò tó owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ó ṣe tán. Bí kì í bá ṣe òun ló ni ọkadà, yóò yọ owó tí ó ń jábọ̀ fún olówó rẹ̀ kúrò. Yóò yọ owó táyà àti owó mẹkáníìkì kúrò. Yóò yọ ọjọ́ òjò àti ọjọ́ àìsàn kúrò. Ọdún 18 sì jẹ́ oṣù 216. Bí ọmọ náà bá ń ná 30,000 náírà péré lóṣù, tí iye owó ọjà kò sì yí padà rárá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,480,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá gbé ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, mọ̀ pé iye owó ọjà kì í dúró lójú kan.

Òfin pàápàá mọ baba ọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ. Òfin náà kò sọ pé kí ìyá àgbà bọ́ ọ. Òfin àpapọ̀ yìí sì tún ka ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, àwáwí pé ọmọ náà gbà kò sì gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó fún ọmọ ọdún 15 lóyún bá jẹ́ ọkùnrin tó ti dàgbà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní èyí tí ẹbí méjì ń fi orógbó àti ẹ̀bẹ̀ parí ní ìdákọ́ńkọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti gbọ́ èyí rí?

Àwọn alátakò ẹ̀kọ́ yìí ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn. Èkíní ni pé bí a bá bá ọmọdé sọ̀rọ̀ oyún, a ti kọ́ ọ ní ìṣekúṣe nìyẹn. Èrò yìí dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ó ní ilé àti ilé ìjọsìn ni ó yẹ kí ọmọ ti máa kọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ku: ṣé ilé ń kọ́ ọ? Ilé tó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni yóò ṣe é dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ pé ilé ni yóò ṣe é, òun náà dákẹ́. Fóònù kò dákẹ́. Ọmọ tí àgbà kò bá sọ̀rọ̀ yóò gbọ́ tẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ìṣirò nínú.

Ìwádìí tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú kò gbè sẹ́yìn àwọn alátakò. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Pascaline Dupas wo ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ọ̀nà kìíní ni ti ìjọba, tó dá lórí "ẹ pa ara yín mọ́". Ọ̀nà kejì fi òǹkà hàn wọ́n: iye àwọn ọkùnrin tó ní kòkòrò àrùn HIV ní ìpele ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọbìnrin lè fi ojú ara wọn rí i pé ewu àwọn ọkùnrin àgbà tó ń fi owó tan wọ́n pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ti "ẹ pa ara yín mọ́" kò dín ìbímọ kù. Ti òǹkà dín in kù ní ìdá 28 nínú 100. Òótọ́ ni pé àrùn ni òǹkà ti Kẹ́ńyà dá lé, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ hàn gbangba: ọ̀dọ́ tí a bá fún ní òótọ́ pọ́ńbélé, pẹ̀lú iye rẹ̀, a máa fi ṣe ìpinnu. Ọ̀dọ́ tí a kàn kìlọ̀ fún a máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré lásán lè rọ́pò òótọ́ náà. Ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọlangidi tó ń ké bí ìkókó, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀rù ọmọ bíbí lè bà wọ́n. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Nínú àwọn tó gbé ọmọlangidi náà, ìdá 8 nínú 100 ló bímọ kí wọ́n tó pé ọdún 20. Nínú àwọn tí kò gbé e, ìdá 4 ni. Òpin ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ọmọ tí kì í jẹun, tí kì í ṣàìsàn, tí kò sì ní owó ilé ìwé láti san, kò lè fi ohun tí oṣù 216 jẹ́ han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí yìí ń sọ pé kí a fi eré sílẹ̀, kí a mú bírò àti ìwé.

Àwíjàre kejì ni ti ìgbàgbọ́: Ọlọ́run tó dá ẹnu ni yóò pèsè ohun tí yóò jẹ. Kò sí ẹni tó ń bá Ọlọ́run du ipò Rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Okaka tó ń gbàdúrà fún òjò ti kọ ebè sílẹ̀ kí òjò tó dé. Kò sí ẹni tó pe ebè kíkọ ní àìnígbàgbọ́. Yorùbá tó sì ń ṣe àdúà ọmọ náà ni ó ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

Àwíjàre kẹta ni pé àwọn ìyá ìyá ẹni bímọ ní kékeré, wọ́n sì yè é. Ẹni tó sọ èyí gbàgbé ohun tó yí ọmọ bíbí náà ká. Láyé àtijọ́, kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ìyàwó wọlé, alárenà á ti wádìí ilé sí ilé. Baba rẹ̀ á ti gé ilẹ̀ fún un. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna, wọ́n á ti kọ ebè, wọ́n á ti tún ilé ṣe, wọ́n á ti ru iṣu lọ lẹ́yìn ìkórè. Ọdún púpọ̀ ni ó máa ń gbà. Kí ni gbogbo wàhálà yẹn wà fún? Ìdánwò owó ni. Àna ń wò ó bóyá ọwọ́ ọmọkùnrin náà lè bọ́ obìnrin àti ọmọ. Ẹni tó bá ní àṣà Yorùbá kórìíra kí a máa bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó bímọ ti gbàgbé àṣà náà. Ìdánwò ni ayé òde òní yọ kúrò, ó wá fi ọmọ bíbí nìkan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí àwọn tó fara mọ́ ẹ̀kọ́ yìí pàápàá ti máa ń ṣìnà. Ìṣirò yìí wà láti là wọ́n lójú, kò wà láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ bá fi ọmọbìnrin tó ti lóyún ṣe àpẹẹrẹ níwájú kíláàsì, ó ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ẹni tí ìṣirò náà kàn jù lọ ni ọmọbìnrin yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sì fi lè rí owó tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́la ni kí ó padà sí kíláàsì. Lílé e jáde nílé ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ sí kí àgbẹ̀ jẹ ẹ̀bù tán lẹ́yìn tí iná ti jó oko. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS dá Sierra Leone lẹ́bi lórí òfin tó kọ àwọn aláboyún nílé ẹ̀kọ́. Ìjọba ibẹ̀ sì fagi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2020. Tanzania ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021. Ní Kẹ́ńyà kan náà, ìwádìí mìíràn fi hàn pé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lásán dín iye ọmọbìnrin tó ń fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kù, ó sì dín oyún kù pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó fagi lé owó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń san ní ọdún 2019 kò yẹ kí ó jẹ́ kí ìtìjú ṣe ohun tí owó náà kò rí ṣe mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ní Okaka, ní Òtu, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí kò nílò owó ńlá. Kí olùkọ́ ìṣirò rán àwọn ọmọ SS 1, lọ́kùnrin lóbìnrin, sí ọjà láti kọ iye owó ohun tí ìkókó ń lò sílẹ̀, kí wọ́n sì fi lọ́nà 12, kí wọ́n fi lọ́nà 216. Kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wá fún wákàtí kan, kí ó sọ ohun tí aboyún yóò rà kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Kí alájọ wá sọ bí ó ti pẹ́ tó kí ẹni tó ń dá 500 náírà lóòjọ́ tó ní owó ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́. Kí ìyálọ́jà sọ iye tí yóò kó jọ kí ó tó san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Kí ìmáàmù àti pásítọ̀ sọ fún àwọn ọmọkùnrin pé ẹni tó sá lọ sí Èkó kò tíì sá fún gbèsè. Kí òbí sì ṣí ìwé owó ilé fún àwọn ọmọ tó ti tó gbọ́n, kí wọ́n rí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí a ti ń ka ebè, tí kò kọ́ ọ bí a ti ń ka owó ìkókó, ti fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́, kò sì fi ilẹ̀ hàn án. Nígbà tí ọmọ náà bá wá gbin ohun tí kò lágbára láti ro, kí àgbà má bínú sí i. Òun náà ni yóò ro oko náà.